Páàdì Táyà Òsì

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà
Kíá, àbúrò mi, ó di ọjọ́ márùn-ún tí a ti sin ọ́. Mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́, ni mo fi ra ìwé yìí. Wọ́n wọ́ Kúkúrú, ọkọ̀ rẹ, dé àgbàlá Màmá lónìí. Imú rẹ̀ ti wọnú. Ọkọ̀ tí kò ju ti ìyá arúgbó lọ, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ń fi rẹ́rìn-ín lórí pápá ìje títí o fi yà wọ́n sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ — ìwọ lo máa ń wí bẹ́ẹ̀. Màmá ò jáde wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 12
Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, mú ìwé ọlọ́pàá wá. Kò sí ọkọ̀ kankan níwájú rẹ ní ìkóríta. Ìwọ nìkan lo yà bàrá lọ kọ lu ògiri. Bàbá Kékeré ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọtí ìje ọjọ́ Àìkú ló ṣì wà lójú ẹ̀."
Màmá ní, "Ọmọ mi kì í mutí! Tí ẹ bá ń wá ọtí, ẹ lọ mu ún nílé yín."
Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Ohun tí mo mọ̀ tí mi ò sọ: Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìje, àwa méjèèjì la tún bíréèkì ṣe. Dísìkì tuntun, òróró tuntun, hóòsì onírin. Èmi nídìí táyà, ìwọ nínú ọkọ̀. Mò ń kígbe pé, "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Ó tó!" O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, èèyàn ló ni ẹsẹ̀ yìí." Lẹ́yìn náà, páàdì ìje, èyí tó ń di dísìkì mú. Iná ni páàdì yẹn fẹ́ràn. Bó bá gbóná, ó ń mú bí akàn. Bó bá tutù, bí ẹni fi ọṣẹ pa dísìkì ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dá páàdì títì, èyí tí kò nílò ooru, padà tí ìje bá ti parí.
Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú tí ìje parí, ó rẹ̀ wá. Èmi ni mo ní, "Fi í sílẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la mo ti dé, a ó pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó lọ síbi iṣẹ́."
Mo sùn lọ. Ẹkún Màmá lórí fóònù ló jí mi.

Àbámẹ́ta, 14
Mi ò lè jẹun.

Àìkú, 15
Aládùúgbò kan dá mi dúró. "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọtí ò dáa fún awakọ̀." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kíá, mo mi orí!

Ọjọ́ Ajé, 16
Lọ́jọ́bọ̀ ni ẹni tó ń ra irin àlòkù máa gbé Kúkúrú lọ. Mo fẹ́ kọ́kọ́ tú bíréèkì tí a jọ dè. Jáàkì. Táyà ọ̀tún iwájú: páàdì ìje, bí mo ṣe rò. Táyà òsì —
Páàdì títì ni.
Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. O dúró dè mí, mi ò dé, o bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ. O ṣe òsì tán. Ọ̀tún kù. Ní ìkóríta o tẹ bíréèkì: òsì mú, ọ̀tún ṣì tutù, kò mú, Kúkúrú fà ọ́ lọ sí òsì, sí ògiri. Ọtí kọ́.
Ṣùgbọ́n ìwọ tí o mọ bíréèkì tó yẹn. Kí ló lé ọ jáde?

Ìṣẹ́gun, 17
Màmá gbọ́dọ̀ gbọ́, kí wọ́n lè rí èsì fún Bàbá Kékeré. Kí n má tan ara mi: ó ti wúwo jù fún èmi náà.

Ọjọ́rú, 18
Mo dọ̀bálẹ̀ ní yàrá ìdáná, mo sọ gbogbo rẹ̀. Oorun mi. Òsì. Ọ̀tún. Mo ń retí ìgbátí.
Màmá pa iná. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ yẹn, ṣé kò tíì parí ni?"
Mo ní, "Kò tíì parí, Mà."
"Ó sọ fún mi. Ó ní, 'Màmá, ó ku ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan, mò ń retí Ẹ̀gbọ́n.' Mo ní kí ló dé tí eré yín kì í tán, aago méje ti lù, ṣé wọ́n á lé e níbi iṣẹ́ kó tó gbọ́n ni? Èmi ni mo gba sípánà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó máa lọ."
Wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń wò ó.
Wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, Kíá. Ẹrù mi ni mo fẹ́ sọ̀. Orí ìyá wa ni mo sọ̀ ọ́ sí.