Ọwọ́ Bàámi àti Ẹja Òjíjí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Òkúdù, 1956
Oṣù kẹrin rèé tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún Bàámi. Mo já ọwọ́ náà léèékánná láàárọ̀. Wọn ò mọ̀.

Níbi iṣẹ́ ní Ṣómólú, ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé-ìwé la ń tẹ̀. Èmi ni mo ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Galvani, ará Ítálì, fi irin kan ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú, ẹsẹ̀ náà gbọ̀n jìgì. Ó ní iná mànàmáná wà nínú ẹran ara. Volta ní rárá, ara irin méjì tí kò jọra ló ti wá. Ìwé ní Volta ló borí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí àṣìṣe. Síbẹ̀ n kò gbà tán.

Ọjọ́rú, 6
Òjò. N kò ka nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Àbúrò Bàámi, Ìyá Lazarus — Ọ̀gá Ọ̀sà ni mo ń pè wọ́n, lórí ìwé yìí nìkan — gbé ìkòkò amọ̀ kan wá sílé wa ní Bàrígà. Òjíjí kan wà nínú omi, láàyè, ó tó apá ọmọdé. Wọ́n ní nílé àwọn ní Ìlàjẹ, òun làwọn àgbà fi ń jí ọwọ́ tó bá kú.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, iná ara rẹ̀ lè dá ọkàn Bàámi dúró.

“Alákọ̀wé, ìwé wo ló mú òjíjí rí? Fi ọwọ́ tìrẹ kàn án ná.”

Mo fi kàn án. Kí n tó ronú, ọwọ́ mi ti fò jáde, ìgbọ̀nwọ́ mi kú tipiri. Ìyá Lazarus ní wàràwàrà lọwọ́ ń yọ lára òjíjí — ṣé wọn ò kọ ìyẹn síwèé mi ni?

Ìkòkò amọ̀. Kò sí irin kankan níbẹ̀. Ta ló wá borí, Galvani ni àbí Volta?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mo rí i lójú-ewé mìíràn: irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni Volta fúnra rẹ̀ fi ohun tó ṣe láti mú iná wá wé — fàdákà, síńkì, aṣọ tútù láàárín, tí ó tò léra wọn. Ẹni tó borí náà, ẹja ló ń wò.

Ọkàn Bàámi ṣì ń bà mí lẹ́rù. Mo sọ fún Ìyá Lazarus pé rárá. Wọ́n ní kí n bi ẹni tó ni ọwọ́. N kò bi Bàámi.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, omi wà nílẹ̀ káàkiri. Bàámi ti fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n tì í bọ inú ìkòkò. Ìyá Lazarus jókòó tì wọ́n. Mo gbé etí lé àyà Bàámi. Ó ń lù déédéé.

“Ó dùn mí, Japhet.” Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ó mà dùn mí.”

Ọjọ́ Ajé, 11
Ìka kankan kò mì. Mo sọ fún Bàámi pé ìrora kọ́ ni ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n lánàá, ọwọ́ náà jẹ́ tàwọn. Wọ́n béèrè bóyá ẹja náà ṣì wà láàyè.

Ǹ bá purọ́ pé ó ti kú.

Mo pààrọ̀ omi inú ìkòkò náà kí n tó lọ síbi iṣẹ́.