Kòkòrò Ń Gbé Inú Mi, Bàbá Yín Ló Ń Ṣàìsàn

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? A ò ní gbọ́ ìròyìn burúkú nípa yín. Ní tèmi, ara mi le, ohun tó sì ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn, torí wọ́n ní kò le.

Bàbá yín ni ibà kọ́kọ́ dá gúnlẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, inú ń run wọn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì ń bú mi láti orí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé èmi ni mo rán ibà sí wọn. Kò pẹ́ ló tún mú tíṣà méjì níléèwé tí mo ti ń dáná, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ni wolé-wolé bá dé. Ó yẹ ìkòkò wò, ó yẹ kànga wò, ó wá ní kí èmi alásè lọ yàgbẹ́ sínú ike kékeré kan wá. Èmi ìyá àgbà. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ tuntun wé ike náà, kó má baà dà bíi pé mo rí wọn fín.

Ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ní kòkòrò taifọ́ọ̀dù ń gbé inú mi, kì í ṣe mí ní nǹkan kan, àmọ́ ó ń gba ọwọ́ mi bọ́ sínú oúnjẹ ẹlòmíràn. Ó ní kí n yọjú wo inú awò kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Mo ní mo ti rí i, ó dúdú, ó sì gùn. Ó ní irun ìpéǹpéjú mi ni. Mo tún wò, mi ò rí nǹkan kan, ó ní èyí tí mi ò rí yẹn gan-an ni. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Tèmi ń gbé inú mi, ó ń jẹ bàbá yín.

Wọ́n fún mi ní oògùn. Èmi tí nǹkan kan ò ṣe? Mo tọ́jú ẹ̀ de bàbá yín, nígbà tí tiwọn tán, mo ń fún wọn. Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó bínú, ó ní lójú òun ni kí n ti máa wá gbé e mì láràárọ̀ báyìí, mi ò sì gbọdọ̀ dáná fún ẹnikẹ́ni títí àyẹ̀wò mẹ́ta á fi sọ pé kòkòrò náà ti tán nínú mi. Ara bàbá yín ti ń yá, àwọn ló ń dáná báyìí. Iyọ̀ wọn pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ.

Fi owó ọṣẹ ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ń ta kékeré irú awò yẹn lọ́dọ̀ yín, rà á kún un, kí n máa fi wo ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́. Ọmọ rẹ kékeré tí ibà dá dùbúlẹ̀ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bọ́ ọ. Mo sì sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyàwó rẹ kì í se omi kó tó fún ọmọ mu. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó má tíì kó wọn wá o.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Ọwọ́ tí mo fi tọ́ ọ kò ní pa ọmọ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.