Fọ́ọ̀mù Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kò ní rí ohun tí apá yín kò ní ká. Àwa náà wà níbí, ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún mi nìkan ni kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ obìnrin ni mo fi jókòó kọ̀wé yìí, ó sì ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. O mọ̀ pé láti kékeré ni ìṣirò ti jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, bó bá ti rí i, òógùn á bò ó. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, téèpù ìwọnṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ lọ́rùn. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, òṣùwọ̀n ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ gígẹ irun, àṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gẹ ẹ́ pàápàá ní nọ́ńbà lára. Ó mú èyí tí kò yẹ, ó fá oníbàárà kan kodoro nígbà tó ku ọ̀la kí ọkùnrin náà ya fọ́tò ìgbéyàwó. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti sùn dáadáa mọ́.

Ilé ìwòsàn tí mo ń gbé orúnkún mi lọ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yí padà. Káàdì tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń fún wa níbẹ̀, nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo nọ́ńbà, àwa arúgbó kò ní gbọ́, a ó máa bá ara wa jà lórí ẹni tó kàn. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ní kí àbúrò rẹ bá òun pè wọ́n. Kò wo káàdì kankan. Ó ní kí ìyá tí ẹ̀yìn ń dùn dìde, àwọn ló kàn. Ó ní kí bàbá tó ń húkọ́ ṣe sùúrù, pé ìyá yẹn ló ṣáájú wọn dé. Kò ṣi ẹnì kan pè. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní irú rẹ̀ gan-an làwọn ń wá, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò náà lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ kún un, pẹ̀lú òtítọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà fóònù, mo kọ ọ́ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ ìbí, mo kọ ọ́ pé ọdún tí ìjì ká òrùlé wa. Nọ́ńbà ilé, mo ní ilé tó kángun sí ti oníbàtà. Mo rò pé wọ́n ń dán wa wò ni, pé ẹni tó bá kọ nọ́ńbà síbẹ̀ ti parọ́.

Àfi bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì ṣe sọ fún mi lánàá pé fọ́ọ̀mù ti lọ sí olú iléeṣẹ́ wọn nílùú yín, pé èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, wọ́n á dà á nù lọ́jọ́ Ẹtì. Mo tẹ ibẹ̀ láago. Obìnrin kan gbé e, n kò tíì kí i tán tó ti ń pàṣẹ fún mi pé kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì. Mo bi í bóyá ó mọ ọjọ́ orí mi. Kò dáhùn, ó tún un wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè, kò rẹ̀ ẹ́, èmi ló rẹ̀.

Àbúrò rẹ kò mọ̀. Láràárọ̀ ló ń lọ bá wọn pe àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Lánàá, ó ń kọrin bó ṣe ń fọ bàtà rẹ̀, n kò gbọ́ orin lẹ́nu ọmọ yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mo ba iṣẹ́ náà jẹ́, n kò sì lè la ẹnu sọ fún un.

Jọ̀wọ́, bá mi débẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù ibẹ̀ pọ̀ bí ewé, má jẹ́ kó já ọ láyà. Wá èyí tí nọ́ńbà kankan kò sí lára rẹ̀, tiwa nìyẹn. Bá wa kọ àwọn nọ́ńbà náà sí i.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, rántí oògùn orúnkún mi. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, yóò béèrè nọ́ńbà àṣírí, àbúrò rẹ ló sì ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀nà rẹ á là. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn ẹni rere, wọn kò ní fo ìwọ, wọn kò sì ní fo àbúrò rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ