Bàbá Kan Ló Gbin Gbogbo Igi Ọgbà Wa

Ẹ bá mi kí àwọn ọlọ́lá tó ní igi lọ́gbà wa, ẹ̀yin ará ojú ewé yìí. Ẹ kí wọn dáadáa o, torí ọwọ́ wọn tutù ju ti gbogbo wa lọ. Igi tí wọ́n gbìn lánàá ti ga ju òrùlé lọ lónìí. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n á di ọkọ́ mú, wọ́n á bu omi ife kan sí i, fọ́tò á ya ṣá, wọ́n á sì wọ mọ́tò padà sí Èkó. Pátákó kékeré tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀ ló máa kù lára igi... èmi ni mo ń kọ pátákó yẹn.

Ọgbà ère àti igi ni, lápá Ẹ̀pẹ́. Ìgbògbò ni mo ti ń lọ síbẹ̀ lárààárọ̀. Mo kàwé gboyè nípa igi ní fásitì, èmi ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Ère ọ̀gá mi ló wà lẹ́nu géètì, irun kún orí ère náà fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀gá ń dán bí abọ́ tánganran... ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ mi ṣá.

Ẹjọ́ mi ni pé igi àwọn ọlọ́lá kì í yè. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń gbìn ín, torí ìgbà yẹn ni ọ̀nà dára fún mọ́tò wọn. Tó bá ti kú, ọ̀gá á ní kí n tú pátákó náà, kí n kàn án mọ́ igi míì tó dúró dáadáa. Igi ta ni? Igi Bàbá Múfú, ará Imota, tí wọ́n ti ń gbin igi lọ́gbà wa kí ó tó ní géètì. Olóyè kan padà wá lẹ́yìn ọdún kan péré, ó bá orúkọ rẹ̀ lára ọ̀gànwó tí apá èèyàn kan ò ká, ó ní, "Ẹ ò rí ọwọ́ mi bí?" Bàbá Múfú ní, "A rí i, Olóyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa fọwọ́ yẹn kan àgbàdo." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Olóyè ló rẹ́rìn-ín jù, kò yé e.

Wàhálà wá dé. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ fún ọgbà wa ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n ní kí a fi orúkọ ẹni tó gbin igi kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, àwọn á gbẹ́ ẹ sára òkúta. Ọ̀gá ní bó ṣe wà lára pátákó ni kí n kọ ọ́. Bàbá Múfú gbọ́ nípa òkúta náà. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, sọ fún wọn kí wọ́n gbẹ́ tèmi jìn díẹ̀ o, ọwọ́ ni mo fi ń ríran báyìí." Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin náà, kí lẹ bá sọ?

Mo jókòó ti kọ̀m̀pútà, mo kọ òótọ́: Bàbá Múfú, Bàbá Múfú, Bàbá Múfú, títí ojú ewé fi kún. Mo fi han ọ̀gá. Ó ní tí mo bá fi í ránṣẹ́, kí n má padà wá mọ́, kí n jókòó sí Ìgbògbò kí n máa ka ewé. Mo ní kò burú, sà. Ọjọ́ Ẹtì ni àkọsílẹ̀ náà ń lọ. Kò sí ẹni tí mo ń bẹ̀rù... àfi Bàbá Múfú fúnra wọn.

Torí ìlà kan ṣì ṣófo: ti igi orógbó ẹ̀gbẹ́ kànga. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Tèmi tí mo gbìn ti kú tipẹ́. Nígbà tí àwọn àna mi fẹ́ wá wo ibi iṣẹ́ mi, mo kan pátákó mi mọ́ ti Bàbá, mo dúró tì í, mo ya fọ́tò. Bàbá ò mọ̀. Tó bá ti so, Bàbá fúnra wọn ló ń ká a fún mi, pé kí n fi kí àna mi. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn kí ọjọ́ Ẹtì tó pé? Àbí kí n rọra tú pátákó náà, kí n kọ orúkọ wọn, kí n dákẹ́? Tí mo bá sọ ọ́, ṣé wọ́n ṣì máa pè mí ní Akọ̀wé? Ẹ má wulẹ̀ bá mi bú àwọn ọlọ́lá. Ẹ sọ tèmi fún mi. Èmi náà ṣe é.