Wáyà Tó Dé Kí N Tó Gbàdúrà

Ìrẹsàapá,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 1975.

Olúgbémi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ báńkì ń lọ geere, ṣé ara ti mọlé ní Oníṣà? Ọlọ́run tó mú yín dé ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ kò ní í fi yín sílẹ̀ o. Àlàáfíà ni a wà níbí, àfi orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu.

Wáyà tí o tẹ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé. Olúgbémi, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Níbí, ta ní ń gba wáyà bí kò ṣe ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú? Bí mo ṣe rí ọkùnrin pósítọ́fíìsì náà ni mo já gèlè sílẹ̀ tí mo bú sẹ́kún, àwọn aládùúgbò sì ti ń bá mi sun ún kí tíṣà Adétóyìn, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, tó gba ìwé náà kà: Mojíbọ́lá bí obìnrin, àlàáfíà. Àwọn tó wá bá mi sunkún kò lọ mọ́, ni mo bá dáná fún wọn.

Ṣùgbọ́n ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Kò sí ẹ kú ilé, kò sí ìyá mi. Tíṣà ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé. Mo ní ta ní ń ṣahun ìkíni, nígbà tí gbogbo yín ti gba àfikún owó oṣù Udójì? Ó tún yà mí lẹ́nu pé òjò ò dá láti òwúrọ̀, síbẹ̀ ìwé náà gba orí wáyà kọjá Odò Ọya, kò sì tutù rárá. Òyìnbó gbọ́n o.

Mo mọ ìdí tí ẹ kò fi sọ pé oyún wà. Méjì tó bàjẹ́ ṣáájú ló ń bà yín lẹ́rù, n kò bínú.

Èmi náà fi nǹkan pamọ́. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn gan-an, Adéníjì àbúrò bàbá rẹ ń bọ̀ wá sílé mi, ká jọ wá ìyàwó mìíràn fún ọ. Èmi ni mo pè é. Ọdún márùn-ún ni mo fi gbàdúrà fún Mojíbọ́lá, ọdún méjì yìí ni mo dákẹ́. Ó ti sú mi. Mo ní tí Adéníjì bá lọ tán, n ó bẹ Ọlọ́run kó fún ọ lọ́mọ lára ẹlòmíràn. Wáyà dé kí Adéníjì tó dé. Oúnjẹ ayọ̀ ló bá, ó sì jẹ ju gbogbo wa lọ.

Wọ́n ní kí n sọ ọmọ náà ní Olúwadámilóhùn. Irọ́ ni, láti ọdún méjì n kò la ẹnu bẹ̀ Ẹ́. Oreọ̀fẹ́ ni kí ẹ máa pè é. Bí lẹ́tà yìí bá pẹ́ ju ọjọ́ kẹjọ lọ, ẹ fi tèmi kún un.

Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá Rosaline, onílé yín ní Odoakpu, tí mo mọ̀ pé òun ni yóò máa wẹ ọmọ fún wa. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá gba ìwẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o fi ti ọṣẹ dúdú àti epo kún un. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí fún ìyàwó mi, má fo ibì kankan. Tó bá ní òun kò fẹ́ rí mi, má fi owó ọkọ̀ náà ránṣẹ́. N ó jókòó síbí, n ó máa ṣe àdúrà ọdún méjì tí mo jẹ ẹ́.

Ọlọ́run tí kò dúró de ẹnu mi yóò wo Oreọ̀fẹ́ dàgbà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúràọlá.