Abẹ Tí Mo Fi Pamọ́

Ọjọ́ Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ayétòrò.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo lo oògùn mẹ́dọ̀wú C, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tún gba ẹ̀jẹ̀ mi láti mọ̀ bóyá àrùn náà ti lọ pátápátá. Ó ní kí n wá gba èsì ní Mọ́ńdè.

Mo rò pé ẹ̀rù ara mi nìkan ni yóò máa bà mí títí di ọjọ́ yẹn.

Látìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà ni òwò ìyá ọkọ mi ti dẹnu kọlẹ̀ ní Tube lẹ́nu bọ́dà, ni wọ́n bá wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ nípa àìsàn yìí. Abẹ tí mo fi ń gé èékánná, ṣe ni mo máa ń wé e sínú bébà rẹ̀, tí mo ń fi í pamọ́ sínú agolo pàúdà, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó.

Láàárọ̀ òní, Màmá ń múra ìrun Jímọ̀, wọ́n fẹ́ gé èékánná. Bí mo ṣe wọ yàrá, abẹ mi ni mo rí lọ́wọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìka wọn.

"Ìyàwó mi, o mọ nǹkan tọ́jú o! Bí o ṣe wé e sínú bébà ni mo fi mọ̀ pé tuntun ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo já a gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, má jáyà." Mo wé abẹ náà padà sínú bébà rẹ̀.

Bí èsì bá dáa, kò sídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí kò bá wá dáa…

Mo ka ohun tí mo kọ yìí, ojú tì mí.

Màmá wà ní pálọ̀, wọ́n ń fi ìka tí abẹ gé yẹn ka tẹ̀sùbáà. Mo ń gbọ́ orúkọ mi nínú àdúrà wọn. Bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, màá kúnlẹ̀, màá sọ fún wọn.