Ilé Tó Fì Síwájú

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ tún ní ilé wa l'Amsterdam fẹ́ wó! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ kó fì síwájú ni. Àtẹ̀gùn rẹ̀ há jù, ojú fèrèsé lẹrù ń gbà, pẹ̀lú okùn tí wọ́n so mọ́ ìkọ́ òkè ilé, fífì náà ni kì í jẹ́ kó kọlu ògiri.

Lánàá ni Wiebren ọkọ mi fokùn sọ bẹ́ẹ̀dì wa àti àpótí aṣọ rẹ̀ kalẹ̀. Aládùúgbò wa pariwo pé, "Sjoukje, ṣé ẹ ń kó lọ ni?" Mo ní, "Rárá o, àyè là ń wá!" Yàrá náà ti fẹ̀ débi pé ẹ lè jó níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti àwọn màlúù. Ṣé bẹ́ẹ̀dì kékeré mi ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn? Èmi nìkan ni yóò sùn lórí rẹ̀.

Sjoukje yín